Ẹ̀rọ Ìṣirò Tó Sọnù Lọ́wọ́ Bernice

Nínú ilé àwọn Akínyẹmí ní Festac, Bernice ni ẹni tí nǹkan kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Rìsíìtì iná, òun. Ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ, òun. Abẹ́rẹ́ tó já sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, òun. Bí Richard ọkọ rẹ̀ bá ń wá awò ojú rẹ̀ ká pálọ̀, yóò kàn dúró, yóò pe Màmá Ọláolúwa, awò náà yóò sì jáde. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọ ilé àwọn Akínyẹmí, olè náà ló máa sọ nǹkan nù.

Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Díẹ̀.

Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, ó sì ti ń gé irun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ka àkáǹtì ló ti ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, nígbà tí ìjọba ṣì fi Èkó ṣe ibùjókòó. Ipò tó fẹ̀yìn tì sí kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Àárín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dáhùn: àárín. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti di dáírẹ́kítọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Fúláàtì tí wọ́n ń gbé, ìbò ni wọ́n fi mú un, lẹ́yìn tí àjọ̀dún ńlá parí tí ìjọba ń pín ilé fún òṣìṣẹ́. Richard ló fa ìwé tó jáde. Ìyẹn ti pẹ́. Àtẹ̀gùn ilé náà ti wá ń pọ̀ jù fún orúnkún wọn báyìí, Ọláolúwa, àkọ́bí wọn, sì ti kọ́ ilé ilẹ̀ kan sí Abẹ́òkúta, ó ní kí àwọn méjèèjì máa bọ̀. Wọ́n ti gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹrù fi ń jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Richard ló lẹrù. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìjọba ṣe ló bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan nù. Rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kámẹ́rà. Fáànù tí apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ìyìn ni wọ́n pè sí i. Ní fúláàtì ìsàlẹ̀ wọn ni Ìyìn dàgbà sí kó tó lọ́kọ. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí ní Apple Junction, níbi tó ti ń ra ohun àtijọ́, tó ń tún un ṣe, tó sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ lókè òkun.

Ó dé ní àárọ̀ Sátidé. Richard ti lọ sípàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló fa àwọn páálí jáde sí àárín pálọ̀, ó ní kí wọ́n tú u bó bá ṣe wù wọ́n.

Ìyẹn ni Bernice kò lè gbàgbé lẹ́yìn náà. Bó bá ṣe wù wọ́n. Richard ti fi nǹkan náà pamọ́ pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé pé òun fi í pamọ́.

Ìyìn jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń tú páálí. Ó ní rédíò yìí, Dádì ló máa sanwó fún òun kí òun tó lè gbé e jáde. Ó ní fáànù yìí, kí wọ́n pe pásítọ̀ wá sin ín. Lẹ́yìn náà ló fa nǹkan kan yọ nísàlẹ̀ páálí.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ wá wo ohun tí Dádì wọ̀ ní ìbọ̀sẹ̀."

Ìbọ̀sẹ̀ dúdú kan ni, wọ́n ká a mọ́ nǹkan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìṣirò kan, irú èyí tó ń wọ àpò láyé àtijọ́, tó nípọn bí ọṣẹ ìfọṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi kan omi.

Inú Ìyìn dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kakulétọ̀ tí wọ́n ń lò lórí igbá ọjà ní Agboju, ó ní, pàǹtírí ni ní ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń pọ́n bí ẹyinná, tí wọ́n ṣe kí èyí tó lójú eérú tó gbòde, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ojú méjèèjì wá a kiri. Orúkọ tó wà níwájú orí rẹ̀ ni òun kọ́kọ́ máa ń wò. Lẹ́yìn náà, ilé bátìrì: bí wọ́n bá gbàgbé bátìrì sínú rẹ̀, omi bátìrì á jẹ irin inú rẹ̀ tán, ọjà kú nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, nítorí bọ́tìnnì tó bá ti darúgbó a máa ṣèrànrán. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á kọ méjì.

Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mímọ́ tónítóní. Ẹni tó fi í pamọ́ ti yọ bátìrì kúrò kó tó ká a sínú ìbọ̀sẹ̀.

"Dádì mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe o," Ìyìn ní. "Ẹlòmíì ò ní rántí yọ bátìrì."

Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 5 sí ni Bernice ń wò. Dúdú ni gbogbo bọ́tìnnì yòókù. Èyí nìkan ló ní àwọ̀ eyín, nítorí pé ara ẹ̀rọ mìíràn tó ti kú ni wọ́n ti yọ ọ́ wá rọ́pò èyí tó já.

Ìyìn fi bátìrì tuntun sí i. Òdo pupa kan la ojú.

"Tẹ 5," Bernice ní. "Rọra tẹ̀ ẹ́. Á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Ìyìn tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni 5 jáde. Ìyìn gbójú sókè.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo lo irú rẹ̀ rí."

Kì í ṣe irú rẹ̀. Òun gan-an ni. Ó gbà á lọ́wọ́ Ìyìn, ó yí i padà. Lábẹ́ nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ sí i ni àmì kékeré wà, tí alámòójútó ilé ẹrù ìjọba fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kọ: ìkékúrú orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, àti nọ́ńbà kan. Bernice ti mọ nọ́ńbà náà kó tó kà á. Síbẹ̀ ó kà á.

Ìyìn náà rí àmì yẹn, ojú rẹ̀ sì rọ. Ó ní á bu owó rẹ̀ kù. Àwọn tó ń ra irú rẹ̀ fẹ́ kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ohun tó bá sì ní àmì ìjọba lára a máa ba àwọn mìíràn lẹ́rù. Ṣùgbọ́n sáńpépà kan wà lọ́wọ́ òun tó kúnná dáadáa, òun lè fi ha á kúrò wẹ́rẹ́. Bí ó bá ti mọ́, ó tó ra fíríìjì tòkunbọ̀ kékeré kan fún ilé Abẹ́òkúta.

"Má ha á," Bernice ní. "Fi í sílẹ̀ fún mi ná."

Nígbà tí Ìyìn kó rédíò àti kámẹ́rà lọ, Bernice jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà lé itan.

Ọláolúwa ṣì ń mu ọmú nígbà náà. Fúláàtì náà ṣì ń rùn fún ọ̀dà. Orúkọ Bernice jáde láàárín àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ rán lọ sí ìlú òyìnbó láti lọ kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó sí i, ọdún kan gbáko. Òun nìkan ni obìnrin. Ìdánwò kan ló kù. Ẹ̀rọ ìṣirò kan ṣoṣo ni ẹ̀ka wọn ní, ọ̀gá rẹ̀ sì gbà á láyè kó máa mú un lọ sílé láti fi múra sílẹ̀. Bernice fúnra rẹ̀ ló bu ọwọ́ lùwé pé ó wà lọ́wọ́ òun. Ní ti ọmọ, kò sí wàhálà. Ìkẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá Bernice, tí wọ́n mú wá láti Ìpẹru kó wá bá a gbé ọmọ. Ìkẹ́ á tọ́jú rẹ̀ títí òun á fi dé. Bernice ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

Richard yọ̀ fún un. Ó tilẹ̀ ra àpótí ìrìnàjò fún un, aláwọ̀ ewé, tó ní táyà kékeré lábẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà kò sí lórí tábìlì mọ́.

Wọ́n tú ilé. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n da ìrẹsì jáde nínú garawa. Ní ọ́fíìsì, wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n ní ẹni tí kò lè tọ́jú ẹ̀rọ tó wọ àpò, àwọn kò ní fi owó ìjọba rán an kọjá òkun. Wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Àpótí aláwọ̀ ewé wá di ibi tí wọ́n ń kó aṣọ òtútù ọmọ sí.

Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí wọ́n fi Bíbélì àti kọ́kọ́rọ́ wá olè náà. Bí àwọn àgbà onígbàgbọ́ kan ní Èkó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á ki kọ́kọ́rọ́ gígùn bọ àárín Bíbélì, níbi Sáàmù tó dárúkọ olè. Wọ́n á fi okùn dì í pinpin. Èèyàn méjì á wá fi ìka kọ̀ọ̀kan gbé orí kọ́kọ́rọ́ náà, Bíbélì á rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á máa dárúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí Bíbélì bá yí sí, ọwọ́ ẹni náà ni ohun tó sọnù wà.

Richard kọ̀. Ó ní òun kò rò pé ó yẹ ọmọ Ọlọ́run. Bernice ló bẹ̀ ẹ́, lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá gbà, ó sì fi ìka rẹ̀ kan gbé e ní ọ̀tún. Bernice fi tirẹ̀ gbé e ní òsì. Wọ́n dárúkọ àlejò tó sùn lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ náà. Kò yí. Wọ́n dárúkọ ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe. Kò yí. Wọ́n dárúkọ Ìkẹ́.

Ó yí. Rọra. Bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ṣí.

Ìkẹ́ kò sunkún, kò sì búra. Ó ń wo ilẹ̀. Bernice gbà pé ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù Ìkẹ́. Richard ni kò jẹ́ kó nà án. Richard ló mú un lọ sí ibùdókọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Bernice fi ń sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ òun láàánú lójú.

Ìkẹ́ kò kúkú pẹ́ ní Ìpẹru. Ó kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Agége, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Alákijà tipẹ́. Bernice ti dárí jì í. Bí ọdún tuntun bá ti wọlé, á di aṣọ sábẹ́ apá, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, á sọ fún Ìkẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú òun mọ́. Ìkẹ́ á kúnlẹ̀, á ní ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọdọọdún.

Bíbélì kì í yí fúnra rẹ̀. Ìka méjì ló gbé e. Bernice mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́, ó sì yé e kedere bó ṣe jókòó síbẹ̀. Kí Richard sọ ọ́. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á yọ, kí ó sì tẹ̀ lé òun lọ sí Alákijà lọ sọ ọ́ lójú Ìkẹ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó rò pé òun á lè bá a lọ sí Abẹ́òkúta. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò mọ̀.

Richard dé, ó jókòó ti oúnjẹ. Bernice gbé ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀.

Ọwọ́ Richard dúró díẹ̀. Díẹ̀ gan-an ni, bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá kan egungun ẹja nínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èyí ṣì wà?" ó ní. "Òyìnbó kan ló fún mi."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn. Nígbà ìmúrasílẹ̀ àjọ̀dún ni, òyìnbó náà ní irùngbọ̀n pupa, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, Richard ló ń gbé omi gbígbóná lọ fún un ní ilé àlejò. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fà á jáde nínú àpò, ó ní kí Richard máa fi rántí òun. Ìtàn náà dùn. Ó dùn débi pé àánú òyìnbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe Bernice.

Ó bi í pé kí ni orúkọ òyìnbó ọ̀hún. Richard ronú díẹ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé ó ti kú.

Bernice fún un láyè. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ojú wọn á ti máa kàn án. Wọ́n jọ ń gbàdúrà àárọ̀ níwájú rẹ̀. Richard ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyàwó olóòótọ́, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ní ọjọ́ tí sùúrù rẹ̀ tán, Bernice yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí i lójú, ó ka àmì náà sókè, lẹ́tà àti nọ́ńbà.

Richard yọ awò ojú rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, Màmá Ọláolúwa," ó ní. "Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ti ń ru. Ó ní òun fẹ́ lọ rọ̀gbọ̀kú díẹ̀.

Bernice sọ ẹ̀rọ náà sínú báàgì rẹ̀. Ó ní òun ń lọ ra ẹja ní Agboju, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Alákijà.

Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bí Richard kò bá ní sọ ọ́, òun á sọ ọ́. Òun á kúnlẹ̀. Àgbà ni òun, Ìkẹ́ ni àbúrò, òun á kúnlẹ̀ síbẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́, ó ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń to ìwé owó.

Oníbàárà kan wà lọ́dọ̀ Ìkẹ́, tó ń ṣàròyé pé gáùn tí wọ́n rán fún òun há òun ní igbáàyà. Ìkẹ́ ti di obìnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń tipa píìnì náà sọ̀rọ̀.

"Gáùn ò súnkì," ó ní. "Ìwọ lo sanra. Lọ bá ẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ jà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé ìbínú. Ìkẹ́ tú ẹ̀gbẹ́ gáùn náà fún un, ó ní kó padà wá ní ọ̀la. Ìgbà náà ló kọjú sí Bernice.

"Àǹtí mi, ọdún ò mà tíì yí. Ẹ ti mú aṣọ wá?"

Bernice fa ẹ̀rọ náà yọ, ó gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Ó di ọwọ́ mú létí tábìlì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Ìkẹ́ tu píìnì ẹnu rẹ̀ dà nù. Ó gbá a mú lápá méjèèjì.

"Ẹ má ṣe é. Àǹtí, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

Ó gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀rọ náà dáadáa, bí ẹni tó ń wo fọ́tò ẹni tó mọ̀ nígbà èwe. Kò yà á lẹ́nu. Ìyẹn ni Bernice kọ́kọ́ rí: kò yà á lẹ́nu.

"Bọ̀dá ti wá sọ fún yín," Ìkẹ́ ní.

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà kún fún èérún aṣọ. Bernice ń wo búlúù kan. Ó bi í, pẹ̀lú ohùn tó wálẹ̀, pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ọwọ́ Richard ló wà.

Ìkẹ́ jókòó tì í. Ó sọ ọ́ láìyára, láìfara mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n tó ṣe ti Bíbélì, Bọ̀dá ti bá òun ní kíṣìnì. Ó ní Bọ̀dá sọ fún òun pé kọ́kọ́rọ́ á yí sí orúkọ òun, kí òun má bẹ̀rù, kí òun má sì búra irọ́, kí òun kàn dákẹ́. Wọ́n á ní kí òun máa lọ. Bí òun bá ti lọ, Bọ̀dá á fi òun sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ránṣọ ní Agége, á sì máa san owó iṣẹ́ náà títí òun á fi gba òmìnira. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò fi ọjọ́ kan yẹ̀ ẹ́.

"O gbà," Bernice ní.

"Mo gbà."

"O mọ̀ pé mò ń lọ. O mọ ohun tí ìrìnàjò yẹn jẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ ohun tó jẹ́ fún mi?" Ìkẹ́ kò gbé ohùn sókè. "Mo ti sọ fún yín pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ rìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn, ẹ ní ẹ ń lọ sókè òkun. Ta ni wọ́n máa gbé ọmọ lé lẹ́yìn? Ṣé ẹ bi mí?"

Bernice kò bi í. Ó rántí pé òun kò bi í.

"Nígbà yẹn," ó ní, "bóyá. Àmọ́ láti ìgbà náà wá? Lọ́dọọdún tí mò ń wá síbí?"

Ìkẹ́ mú téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Àǹtí, ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi rí. Ẹ kàn máa ń dárí jì mí ni."

Kò sí ẹkún nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹkún bá wà nínú rẹ̀, ì bá rọrùn. Ìkẹ́ ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí ìyá Bernice kú, ṣùgbọ́n Bọ̀dá ní kí òun má tú ilé òun ká. Ó ní àwọn méjèèjì kò tún dárúkọ rẹ̀ síra wọn mọ́ láti ìgbà náà. Ó bi Bernice bóyá á mu omi.

Wọ́n ti jọ ní àdéhùn, nígbà náà. Ọkọ òun àti ọmọ ilé òun. Láti kíṣìnì yẹn títí di òní. Gbogbo aṣọ tí Ìkẹ́ rán fún un, tí kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Richard ní kó bá òun kí Ìkẹ́. Gbogbo ìgbà tí òun padà délé látọ̀dọ̀ Ìkẹ́ pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́, tó ń rò pé òun ti ṣe ohun tó tóbi.

Kò mu omi. Ó mú ẹ̀rọ náà, ó kí Ìkẹ́ pé ó dàárọ̀, ọ̀sán sì ni.

Ní Apple Junction, Ìyìn ń bá ẹnì kan na ọjà lórí fóònù. Bernice dúró títí ó fi parí, ó sì fún un ní ẹ̀rọ náà. Ó ní kó tà á.

Ìyìn tún gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó fọ́n afẹ́fẹ́ sí ilé bátìrì, ó ya fọ́tò iwájú, ó ya ẹ̀yìn. Ó ní àwọn tó ń ra irú rẹ̀ fẹ́ràn láti mọ ẹni tó lò ó, ibi tó ti wá, bó ṣe wà nípamọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Bí ìtàn bá wà ńbẹ̀, owó á gun òkè. Kí ni kí òun kọ?

"Kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Ìyẹn nìkan, Mọ́mì?"

"Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀."

Ìyìn wo ojú rẹ̀, kò sì fi àwàdà sí i mọ́. Ó bi í nípa àmì ẹ̀yìn. Bernice ní ohun tó bá wù ú ni kó ṣe sí i. Ó rìn lọ sílé, ó gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kò sì ra ẹja kankan.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó gun àtẹ̀gùn náà tán. Richard jókòó sí pálọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ ti ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní kí ó jókòó. Ó ní Ẹ̀mí ti bá òun sọ̀rọ̀.

Ó sì sọ ọ́.

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló mú ẹ̀rọ náà lórí tábìlì kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú àpótí irinṣẹ́ òun níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wà, kí òun tó gbé e wálé. Ẹ̀rù ló ba òun. Ọ̀rẹ́ òun kan nígbà náà, ìyàwó rẹ̀ lọ sókè òkun fún oṣù díẹ̀, kò sì bọ̀ mọ́. Lẹ́tà ló fi kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ń wo Bernice tó ń ṣírò lóru, tí iná pupa yẹn ń tàn sí i lójú, ó dà bí ẹni pé ó ti lọ. Àti kọ́kọ́rọ́. Ìka òun ló yí i. Òun ṣe é níwájú Ọlọ́run, pẹ̀lú ìwé Ọlọ́run, òun kò sì tíì sun oorun kan tó dùn láti ìgbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òyìnbó kankan kò sí.

Bernice jókòó, ó ń gbọ́. Ohun tó ń fẹ́ nìyí, òun gan-an, ó ń bọ̀ wá bá a lẹ́nu ọkọ rẹ̀ láìsí ẹni tó fà á yọ. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọwọ́.

"Ìkẹ́ ni mo ṣẹ̀ jù," Richard ní. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ọmọ ọlọ́mọ. Kò mọ nǹkan kan, kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n pè é lólè. Lọ́la, màá tẹ̀ lé ọ lọ sí Alákijà. Àgbà tí mo dà yìí, màá dọ̀bálẹ̀ fún un."

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ ọ́ dáadáa bó ṣe sọ ti onírùngbọ̀n pupa.

Bernice rí ọ̀la náà níwájú rẹ̀, ó rí i kedere. Richard á dọ̀bálẹ̀. Ìkẹ́ á gbá a mú, á gbé e dìde, á ní Bọ̀dá, ó ti tán, mo ti dárí jì yín. Wọ́n á jọ sunkún. Wọ́n á ṣe é dáadáa, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Òun á wà lórí bẹ́ǹṣì, á máa wò wọ́n, wọ́n á sì jọ máa retí pé kí òun náà sunkún.

Ó dìde.

"Kì í ṣe lọ́la," ó ní. "Ẹ wọ bàtà yín. Ìkẹ́ ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù."

Richard ní ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè é, kí wọ́n má bá ọmọ náà lójijì.

"Kò ní jẹ́ ìjáyà fún un. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Ẹkún náà dáwọ́ dúró. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kàn dáwọ́ dúró. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ sì gbẹ, ó sì mọ́ ju bó ṣe rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lọ.

"Kí ló sọ fún ọ?" ó bi í.

Bernice bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú.

"Ẹ máa bọ̀," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́ fún mi."